Ìkòkò Ìyá Mi àti Bọ́ọ̀lù Ìdí Arẹrẹ

Òótọ́ ni mo kọ síbí. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá fọwọ́ kan ìkòkò tó wà nínú yàrá mi.

Muhydeen ọkọ mi ló ń yọ́ àlòkù páànù fi ṣe ìkòkò ní Bẹyẹrunka. Èmi ni mò ń tà á. Bó bá parí ọ̀kan, á fi òòlù kékeré lù ú lẹ́ẹ̀mẹta. Èyí tó bá là, ohùn rẹ̀ á kẹ̀. Èyí tó bá dára, èmi náà á fi ṣíbí lù ú lẹ́ẹ̀mejì. Ìyẹn ni pé mo gbà á.

Tíṣà Ọládiípọ̀ ní kó fi páànù ṣe bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án, Oòrùn àti ayé mẹ́jọ tó ń yí i ká, káwọn ọmọ iléèwé lè máa gun kẹ̀kẹ́ ológeere wò wọ́n. Oòrùn wà lórí òkè Mapo. Wọ́n to ìyókù sórí ọ̀pá lẹ́bàá ọ̀nà kẹ̀kẹ́, bí wọ́n ṣe jìnnà síra lókè, títí dé Ìdí Arẹrẹ. Ìkẹta, ayé tí à ń gbé yìí, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ mi.

Páànù tán, ó ku ìkẹjọ. Ọkọ mi yọ́ ìkòkò tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi. Kò bi mí léèrè.

Ó gbé bọ́ọ̀lù náà wá. Ó lù ú lẹ́ẹ̀mẹta.

"Dáhùn, Ìyá Bushrah."

"Mi ò gbà á. Ẹ gbé e lọ síbi tó jìnnà jù, kẹ́ ẹ sì dúró tì í."

"Ẹnu rẹ yìí!" Ó rẹ́rìn-ín. Ó gun kẹ̀kẹ́ lọ.

A bá kẹ̀kẹ́ lábẹ́ ọ̀pá ní Ìdí Arẹrẹ. Bọ́ọ̀lù wà lókè. A ò rí Muhydeen. Lóṣù keje, àwọn ẹbí rẹ̀ ní kí n ṣe opó. Mo ṣe opó ẹni tí a ò sin.

Jímọ̀ tí mo bọ́ aṣọ opó, bọ́ọ̀lù Ìdí Arẹrẹ dún lẹ́yìn ìrun Alásàrí. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ìkeje. Lẹ́yìn náà, ìkẹfà. Ó ń bọ̀.

"Ooru ló fà á, Ìyá," Tíṣà wí.

"Ooru náà mọ̀ ọ́n kà dé ẹẹ́ta?"



Jímọ̀ kẹfà, tèmi ló kàn. Ọjà dákẹ́ lójijì. Kọ́. Kọ́. Kọ́. Láti inú bọ́ọ̀lù. Mo ti gbé ṣíbí sókè. Àṣàkẹ́ tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ má dá a lóhùn o! Ẹ ò mọ ẹni tó ń lù ú."

Àṣàkẹ́ kọ́ ló dá mi dúró. Ìbínú ìkòkò ni. Mo fi ṣíbí sílẹ̀.

Ó kọjá mi. Ìkejì. Ìkíní. Ó wá ku Oòrùn nìkan. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí bọ́ọ̀lù mọ́.

Mo gun òkè Mapo. Oòrùn tòkè ń jó mi lórí, èyí tó wà nílẹ̀ tutù bí abẹ́ àmù. Kọ́. Kọ́. Kọ́.

"Mo gbà á," mo wí. "Ẹ máa bọ̀ wálé."

Mo lù ú lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ohùn. Mo dúró títí wọ́n fi pe ìrun Màgàríbì.

Ẹnu ọ̀nà ilé ni Àṣàkẹ́ ti pàdé mi. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní bọ́ọ̀lù Ìdí Arẹrẹ ò sí lórí ọ̀pá mọ́. Mo ṣí ilẹ̀kùn. Ìkòkò ìyá mi wà láàárín yàrá, tòun ti etí rẹ̀ kan tó ti kán tipẹ́, ó gbóná bí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú iná jáde.

Ọkọ ni mo pè. Ìkòkò ni wọ́n fún mi.

Ó ti pé oṣù mẹ́ta. Kò tíì tutù.