Táǹkì Tí Mi Ò Fọ̀

"Ẹ̀gbin rèé o!"

Mo ju ìdì irun tí mo fà jáde nínú ihò ilé ìwẹ̀ sílẹ̀, mo sì sáré lọ tutọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Irun ta ni? Irun àwọn èèyàn tí mi ò mọ̀ rí, tí wọ́n wẹ̀ tán tí wọ́n bá tiwọn lọ.

Bìgì Mọ́mì, ẹ̀gbọ́n màmá mi tó ni òtẹ́ẹ̀lì kékeré náà, bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ó ti rẹ̀ ọ́ ni, olorì? Yàrá mẹ́jọ ló ṣì kù o."

Ìsinmi ni mo bá wá. Wọ́n ní etí adágún ni ìlú náà wà, mo sì ti ń ro fọ́tò tí àwọn ọmọ kíláàsì mi máa fi jowú. Àṣé ìgbà táwọn àlejò ń bọ̀ láti ibẹ̀ ni èmi ń lọ. Wọ́n ti dojú àwọn ọkọ̀ ojú omi dé sórí iyanrìn, ṣọ́ọ̀bù ti tì, ọ̀rá àti agolo ló kún etí omi. Ṣingọ́ọ̀mù tó ti gbẹ wà lábẹ́ gbogbo tábìlì. Gbogbo rẹ̀ ló ń rí mi lára. Omi ẹ̀rọ ilé náà gan-an, mi ò fẹnu kàn án. Omi inú ike tí mo rà lójú ọ̀nà ni mo ń mu.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ Bìgì Mọ́mì, tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù méje, ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jù. "Ẹ má fọwọ́ kan àbúrò mi o," á ní, "ó lè fọ́!"

Lọ́jọ́ kẹta, iṣẹ́ tó burú jù kàn mí. Lọ́dọọdún, tí àlejò bá ti lọ tán, wọ́n máa ń fa omi táǹkì ńlá tó wà lẹ́yìnkùlé gbẹ. Ẹnì kan á wọ inú rẹ̀, á ha ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò, kí wọ́n tó fa omi tuntun tí àwọn ará ilé á máa mu sí i. Ẹnu táǹkì náà há. Ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń wọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀, àmọ́ oyún ò jẹ́ lọ́tẹ̀ yìí.

"Ìwọ lo tín-ín-rín," ni Bìgì Mọ́mì wí. "Ha á dáadáa o. Dókítà ní omi tó mọ́ ni ẹ̀gbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ máa mu."

Ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tí wọ́n ti fa omi rẹ̀ gbẹ. Mo gun àkàbà, mo ṣí ìdérí. Òórùn kan gbá mi nímú. Mo tan iná fóònù mi, mo sì rí i nínú ẹrẹ̀: eku ńlá kan, ó ti wú, irun ara rẹ̀ ti ń bọ́, ìdin sì ń rìn lẹ́nu rẹ̀. Yéè! Mo dé táǹkì padà kíá, mo sọ̀ kalẹ̀.

Ǹ bá ti pariwo. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé wọ́n á ní kí n gbé e jáde. Ni mo bá jókòó sẹ́yìn táǹkì, mo ń tẹ fóònù fún bíi wákàtí kan. Lẹ́yìn náà, mo da omi sára aṣọ mi, mo fi ẹrẹ̀ ra búrọ́ọ̀ṣì, mo wọlé.

"Mo ti ṣe tán, mà."

"Ọmọ dáadáa!" Bìgì Mọ́mì gbá mi mọ́ra tòun ti aṣọ tútù, wọ́n sì lọ tan ẹ̀rọ omi.

Nígbà tá a ń jẹun ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi mu ife omi kan tán. "Àbúrò mi, o ṣeun o. Ìwọ náà mu díẹ̀."

"Òùngbẹ ò gbẹ mí," ni mo wí. Mi ò lè wojú rẹ̀.

Nígbà tó fi máa di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń bì, ó sì ń yàgbẹ́ gbuuru. A gbé e dé ọsibítù, ó fọwọ́ méjèèjì di ikùn rẹ̀ mú, ó ń sunkún pé ọmọ òun ò mira mọ́.

"Omi wo lẹ ń mu?" ni nọ́ọ̀sì béèrè.

"Omi ilé ni," ni Bìgì Mọ́mì dáhùn. Wọ́n nàka sí mi. "Àbúrò ẹ̀ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ táǹkì náà mọ́ tónítóní ni."

"Mi ò fọ̀ ọ́," ni mo wí. "Eku kan kú síbẹ̀. Mo rí i, mo sì dé e padà."

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi lórí bẹ́ẹ̀dì. "Ìdí tí òùngbẹ ò fi gbẹ ọ́ lálẹ́ àná nìyẹn," ló sọ wẹ́rẹ́.

Nígbà tá a padà délé, Bìgì Mọ́mì ò bú mi. Wọ́n tún fa omi táǹkì náà gbẹ, wọ́n gun àkàbà fúnra wọn, wọ́n ki orí bọ ẹnu táǹkì, èjìká wọn ò wọlé. Wọ́n tún gbìyànjú, apá wọn bó. Mi ò lè wò ó mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ sọ̀ kalẹ̀."

Mo wọ inú rẹ̀. Mo fi ọ̀rá bọwọ́, mo gbé eku náà jáde, mo bì lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ha táǹkì náà títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú.

Ọlọ́run yọ wá. Lọ́jọ́ karùn-ún tó ti wà ní ọsibítù, ẹ̀gbọ́n mi padà wálé, ọmọ inú rẹ̀ sì ń tàpá. Mo se omi, mo jẹ́ kó tutù, mo bu ife kan fún un. Ó gbé e sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wo inú ife náà dáadáa, kó tó mu ún.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, irun àlejò kọ́ ni ẹ̀gbin tó burú jù tí mo rí nílùú yẹn. Èmi tí mo rí ìdọ̀tí, tí mo fi pa mọ́ fún ẹni tó máa mu ún, èmi gan-an ni. Tẹ́ ẹ bá rí iṣẹ́ tẹ́ ẹ ò lè ṣe, ẹ sọ ọ́. Wọ́n lè fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má sọ pé ẹ ti ṣe é.

Títí tí mo fi kúrò nílùú náà, kò sí ife omi tí mo gbé fún ẹ̀gbọ́n mi tí kò kọ́kọ́ gbóòórùn.