Ìbọn Kan Ṣoṣo Tó Dára

Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni Sọ̀fíyàt wà nígbà tó gbọ́ ìró náà láti ẹ̀yìnkùlé. Kò dún bí ìbọn. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn fi òòlù lu ọmọrí ìkòkò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn náà gbogbo nǹkan dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló gbé e dìde. Kó tó dé ẹ̀yìnkùlé, Sàláúdéènì ọkọ rẹ̀ ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú ọ̀tún, ẹ̀jẹ̀ sì ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde. Ìbọn afẹ́fẹ́ tó rà lánàá wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹ̀yìn ìbọn náà ti ṣí. Sípíríǹgì inú rẹ̀ ti fò jáde, ó lọ balẹ̀ sẹ́bàá ògiri.

"Ìyá Hikmat," ni ọkùnrin náà wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "má jẹ́ kí ọmọ jáde wá síbí."

Ní ọsibítù, dókítà ò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ojú ọ̀tún ti lọ. Irin tó dé ẹ̀yìn ìbọn ló já, tó sì fò sẹ́yìn bá ojú tó fi sun ohun tó fẹ́ yìnbọn sí.

Ní gbogbo Ìsàlẹ̀ Òsì, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ojú yẹn kì í tàsé. Ọdẹ ni bàbá Sàláúdéènì, ọdẹ ni bàbá tó bí bàbá rẹ̀. Àmọ́ láti ọjọ́ tí ọ̀kadà ti gbá a, tí egungun èjìká rẹ̀ ṣẹ́, kò lè gba bí ṣakabùlà ṣe ń ti èjìká mọ́. Ìdí nìyí tó fi ń wá ìbọn afẹ́fẹ́, èyí tí kò lo ẹ̀tù, tí kò sì ní ti èjìká, tí yóò fi máa pa àparò àti ọ̀kẹ́rẹ́ lóko wọn lọ́nà Àkànrán. Ó pẹ́ tó ti ń bèèrè èyí tí agbára rẹ̀ ká. Fọláyẹmí, ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń dẹ̀gbẹ́ láti kékeré, ló wá sọ pé òun mọ ẹnì kan ní Bẹẹrẹ tó ń ta irú rẹ̀, Obed lorúkọ rẹ̀.

Sọ̀fíyàt bá wọn lọ lọ́jọ́ tí wọ́n lọ rà á, ó sì rí bí ọkọ rẹ̀ ṣe yan ìbọn. Obed kó mẹ́ta sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ní dígí tí a fi ń wo ohun tó jìnnà lórí, iye owó rẹ̀ kò ṣeé gbọ́ sétí. Ìkejì wúwo ju ohun tí èjìká tó ti ṣẹ́ rí lè gbé. Ìkẹta ni Sàláúdéènì gbé tí kò fẹ́ gbé sílẹ̀ mọ́. Ó ṣẹ́ ẹ lágbedeméjì, ó fi etí sí sípíríǹgì rẹ̀, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè sí oòrùn, ó sì wo inú rẹ̀ bóyá ó tọ́. Ó yin ọta mẹ́ta sára pákó kan, àtàǹpàkò lásán tó láti bo ojú ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Èyí ò ní pa àpò mi lára, kò sì ní pa èjìká mi lára," ni ó wí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí Sọ̀fíyàt ti rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Wọ́n pe ìrun Àsárì. Sàláúdéènì gbé ìbọn lé Fọláyẹmí lọ́wọ́, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí tó wà nítòsí. Nígbà tí wọ́n padà, ìbọn ti wà nínú àpò aṣọ líle kan, wọ́n ti so ẹnu àpò náà pinpin. Wọ́n gbé e relé.

Lẹ́yìn ìjàǹbá náà, ojoojúmọ́ ni Fọláyẹmí ń wá sí ọsibítù. Ó ń gbé ẹ̀kọ mímu wá, ó ń jókòó ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìyàwó wa," ni ó sọ fún Sọ̀fíyàt lójúde, "a ó rí Obed. Ohunkóhun tó o bá gbọ́, sọ fún mi kó o tó gbé ẹsẹ̀."

Sọ̀fíyàt dúpẹ́. Ó sọ fún un pé òun fẹ́ kó ọlọ́pàá lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bẹẹrẹ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, àgádágodo ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Aládùúgbò ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ni Obed kẹ́rù rẹ̀.

Ó tún wádìí káàkiri títí obìnrin kan fi júwe yàrá tí Obed ń gbé ní Òkè Bọ́lá. Ó tún fi tó Fọláyẹmí létí. Nígbà tí òun àti Ìnsípẹ́kítọ̀ Ìyábọ̀, ọlọ́pàá tí wọ́n gbé ẹjọ́ náà lé lọ́wọ́, ti ilẹ̀kùn yàrá náà wọlé, kò sẹ́nì kan níbẹ̀. Ẹyin tí wọ́n ń dín lọ́wọ́ ṣì wà nínú páànù, òróró rẹ̀ ò tíì tutù.

Ìnsípẹ́kítọ̀ fọwọ́ kan páànù náà. "Ta ló mọ̀ pé à ń bọ̀?"

"Kò sẹ́nì kankan, mà."

"Ẹ rò ó dáadáa."

Sọ̀fíyàt rò ó. Orúkọ kan ṣoṣo ló wá sí i lọ́kàn, ó sì lé e jáde kíákíá, nítorí ẹ̀rù bà á. Ọkùnrin tó ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ sí ọkọ òun lẹ́nu?

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé àpò ìbọn náà pé kí òun dáná sun ún. Àmọ́ aránṣọ ni, ọwọ́ rẹ̀ kò lè ṣàì kan ojú ìrán. Níbi ẹnu àpò, ẹni tó rán an ti da òwú padà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi igun kan kọjú sí ìkejì bí ẹsẹ̀ ẹyẹ. Ọ̀gá tó kọ́ Sọ̀fíyàt níṣẹ́ nìkan ló ń rán igun àpò bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá náà ti kú. Nínú àwọn tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́, Karimat tó wà ní Pópó Yemọja nìkan ló ṣì ń rán aṣọ líle.

Karimat ò fi nǹkan kan pa mọ́ nígbà tí Sọ̀fíyàt gbé àpò náà síwájú rẹ̀.

"Ọkùnrin kan tó ń ta ìbọn ló ní kí n rán wọn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún gbé iṣẹ́ wá. Ọjọ́ Jímọ̀ ló ń bọ̀ wá kó o. Kí ló ṣe?"

Sọ̀fíyàt sọ ohun tó ṣe. Karimat bú sẹ́kún.

Nígbà tí Fọláyẹmí dé ọsibítù ní ìrọ̀lẹ́, ó bèèrè bí ó ti máa ń bèèrè: "Ṣé o ti gbọ́ nǹkan kan?"

"Rárá, Bọ̀dá Fọláyẹmí. Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Ìnsípẹ́kítọ̀ nìkan ni Sọ̀fíyàt sọ ti ọjọ́ Jímọ̀ fún. Ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí Obed sá lọ lọ́jọ́ Jímọ̀ pẹ̀lú, kí ó lè jẹ́ pé ọ̀rẹ́ ọkọ òun kò mọ nǹkan kan.

Obed ò sá. Ó yọ sí ṣọ́ọ̀bù Karimat ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, ó gbé àpò gígùn kan kọ́ èjìká. Kó tó jókòó, ó rí bàtà dúdú ọlọ́pàá lábẹ́ kọ́tìnì. Ó yí padà, ó fò jáde, ó sì gba inú àwọn agboolé já sí ọ̀nà Mapó. Ọlọ́pàá méjì gbá tẹ̀lé e. Ó yà, ó tún yà, ó ku díẹ̀ kó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kan tó ti wó. Àmọ́ ìrun Jímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni. Èrò ń tú jáde láti mọ́ṣáláṣí Ọjà'ba, wọ́n kún títì. Ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ lànà láàárín wọn, wọn ò sì lè yà fún un. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un lọ́rùn aṣọ.

Ìbọn kan ló wà nínú àpò èjìká rẹ̀. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Sọ̀fíyàt dá a mọ̀. Ìbọn tí ọkọ òun yàn ni.

"Níbo lo ti ń rí àwọn yòókù?" Ìnsípẹ́kítọ̀ Ìyábọ̀ bèèrè.

"Àlòkù ni wọ́n, mà. Mo ń kùn wọ́n lọ́dà."

"Irin tó yẹ kó di ẹ̀yìn wọn mú ńkọ́?"

"Ó ti sọnù lára wọn. Ìṣó ni mo fi rọ́pò."

"Ìṣó lè di sípíríǹgì yẹn mú?"

"Fún ìgbà díẹ̀."

"Títí tí ẹni tó rà á yóò fi délé."

Ìnsípẹ́kítọ̀ gbé ìbọn náà sórí tábìlì.

"Ọkùnrin náà dán ìbọn wò. Èyí tó dára ló yàn."

"Gbogbo wọn ló máa ń yan èyí tó dára. Ìbọn kan ṣoṣo tó dára la ní. Òun la máa ń fún gbogbo ènìyàn dán wò."

"La ní? Ìwọ àti ta ni?"

Obed gbójú sókè wo Sọ̀fíyàt. "Nígbà tí ẹ lọ kírun, mà, ọwọ́ ta lẹ fi ìbọn sí?"

Sọ̀fíyàt dárúkọ Fọláyẹmí.

Fọláyẹmí ò jiyàn nígbà tí wọ́n mú un dé. Ó ní òun ti mú ọdẹ mélòó kan lọ bá Obed, òun sì ń gba ìpín tòun. Nígbà tí Sàláúdéènì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìbọn, òun ní kó ṣe sùúrù, kò gbọ́, òun bá mú un lọ bá Obed. Obed wá sọ pé bí Fọláyẹmí bá ba ọjà yìí jẹ́, òun yóò tú àṣírí àwọn ìbọn tí wọ́n ti tà tẹ́lẹ̀.

"Mo rò pé ìbọn náà kò kàn ní yìn ni," ni ó wí. "Mo rò pé yóò bínú, yóò jù ú nù."

Ó dárúkọ gbogbo àwọn tó mú lọ. Ọlọ́pàá àti Sọ̀fíyàt kiri ilé wọn, wọ́n sì gba àwọn ìbọn náà. Bàbá kan wà ní Bẹyẹrúnka tó gbé tirẹ̀ kọ́ ògiri, tó ń dúró de ọmọ rẹ̀ tó ń bọ̀ láti ìrìn àjò kí wọ́n lè jọ yìn ín. Nígbà tí wọ́n fi ìṣó ẹ̀yìn rẹ̀ hàn án, tí ó ti ń tẹ̀, ó di ọwọ́ Sọ̀fíyàt mú.

Sàláúdéènì ní kí wọ́n mú òun lọ sí àgọ́ náà. Fọláyẹmí dọ̀bálẹ̀ nígbà tó rí báńdéèjì tí wọ́n fi di ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Dìde," ni Sàláúdéènì wí. "Ìwọ fúnra rẹ lo so ẹnu àpò náà?"

"Èmi ni."

"Ìwọ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ àdúrà lọ́jọ́ náà. Torí pé o bá mi rí ìbọn."

Fọláyẹmí fi orí kan ilẹ̀, ó sunkún. Sàláúdéènì yí ẹ̀yìn sí i. Ó sọ fún Ìnsípẹ́kítọ̀ pé òun yóò wá jẹ́rìí ní kóòtù, òun kò sì ní fi ẹjọ́ náà sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá wá bẹ̀bẹ̀.

Bí wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn àgọ́, ọmọ kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ gba apá ọ̀tún Sàláúdéènì kọjá. Ọkùnrin náà kò rí i, ó ta gìrì. Sọ̀fíyàt kúrò lápá òsì, ó yí bọ́ sí ọ̀tún, ó sì di apá rẹ̀ mú.

"Ṣé wọ́n ti gba gbogbo rẹ̀ tán?" ni ọkọ rẹ̀ bèèrè. "Kò ku ẹyọ kan sí ilé ẹnikẹ́ni?"

"Wọ́n ti gbà á tán."

Ó mí kanlẹ̀. Wọ́n gba ọ̀nà Ìsàlẹ̀ Òsì lọ, wọn ò yára.