Ta Ló Máa Ń Ní Ká Yọ Fíríìjì?

"Dádì, kí ló dé?"

Nùrẹ́nì gbé kẹ́ẹ̀gì omi tó ń gbé wọlé sílẹ̀, ó jókòó lé e, ó fọwọ́ di àyà mú, òógùn sì bò ó. Mùbárákà ọmọ rẹ̀ ti múra ìdíje sáyẹ́ǹsì ní Ọ̀tà. Ó ju báàgì sílẹ̀, ó sáré dì í mú.

Kò pẹ́ tí ìrora náà fi lọ. Nùrẹ́nì mí kanlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ó ti lọ. Máa lọ síbi ìdíje rẹ, kí èmi náà máa lọ síbi iṣẹ́." Ẹrù ló ń gbé nílé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Sango.

Ọkàn Mùbárákà pín sí méjì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù ló ti ń múra ìdíje yìí, bọ́ọ̀sì ilé-ìwé sì ti ń fọn fèrè lójú títì Ilo-Awela. Ara bàbá rẹ̀ ti dá ṣáṣá. Ta ni yóò dá a lẹ́bi tó bá lọ? Àmọ́ ohun tó ti kọ́ nípa ọkàn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara ò jẹ́ kó lè gbẹ́sẹ̀.

"Dádì, tí wọ́n bá mú iná lọ, ta ló máa ń ní ká yọ fíríìjì?"

"Èmi ni. Iná tó bá já dé lójijì ló ń ba fíríìjì jẹ́." Òfin yìí ti mú kí Nùrẹ́nì bá gbogbo ilé jà rí.

"Bẹ́ẹ̀ náà lọkàn rí, sà. Tẹ́jẹ̀ bá dúró, tó wá rọ́ padà dé, oró ló máa ń mú wá. Ọkàn ní àwọn èròjà tó ń pa oró náà. Tí ìdádúró náà ò bá pẹ́, wọ́n á borí ẹ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá lọ gbẹ́rù báyìí, tẹ́jẹ̀ tún dúró, tó wá pẹ́, agbára wọn ò ní ká a mọ́. Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́sibítù. Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀."

Nùrẹ́nì wo fíríìjì, ó wo ọmọ rẹ̀. Òfin rẹ̀ náà lọmọ yìí fi mú un. Ó wá bàtà rẹ̀ wọ̀.

Bọ́ọ̀sì lọ láìsí Mùbárákà. Treasure ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló gba ipò rẹ̀, ilé-ìwé wọn ò sì gbégbá orókè. Ó dun Mùbárákà, ó sunkún lọ́sibítù. Àmọ́ nígbà tí dókítà ṣe àyẹ̀wò tán, omijé rẹ̀ gbẹ.

"Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ló ti ń dí," ni dókítà wí. "Ọkàn yín jà, ó sì borí. Ká ní ẹ lọ gbẹ́rù ni, bóyá à bá máa sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ yín."

Wọ́n tọ́jú Nùrẹ́nì, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì fún un níṣẹ́ tó fúyẹ́.

Nígbà tí ìdíje náà tún padà dé lọ́dún kejì, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni gbọ̀ngàn wà. Nùrẹ́nì gun àtẹ̀gùn náà dókè láìdi àyà mú. Nígbà tí wọ́n béèrè bí ọkàn ṣe ń gbèjà ara rẹ̀, Mùbárákà fi fíríìjì ilé wọn ṣàlàyé. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, àwọn adájọ́ náà rín in, wọ́n sì gbé ife fún un. Kò sí ẹni tó jókòó nítòsí Nùrẹ́nì tí kò sọ fún pé òun lòun kọ́ Mùbárákà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìrora lè lọ kí àìsàn ṣì jókòó, ìmọ̀ tá a bá sì lò ló ń gbani. Mùbárákà pàdánù ife lọ́dún kan, ó sì rí i gbà lọ́dún kejì. Bàbá ò ṣe é gbà padà.