Ojú Tí Àbúrò Mi Tún Ṣe

Ọjọ́ tí Tíṣà kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù wa, ìjà ló bá wá. Ó ju fọ́tò pélébé mẹ́rin sórí tábìlì mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ yà síbí?"

Mo wo fọ́tò, mo wo òun náà. Wọ́n jọra bí ọmọ ìyá, àmọ́ wọn kì í ṣe ẹnì kan náà. Ojú ti inú fọ́tò ń dán gbinrin bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

"Ọ́fíìsì tí mo ti fẹ́ gba káàdì ìdánimọ̀ ló dá a padà," ó ní. "Wọ́n ní kí n lọ mú ẹni tó ni fọ́tò wá."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo fọwọ́ bo ẹnu. Mo pe àbúrò mi jáde látẹ̀yìn kọ́tìnnì. Dúróbẹ́ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí ohun tó máa ń pariwo mọ́ oníbàárà nìyẹn: "Dúró bẹ́ẹ̀! Má mì!" Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀, kì í ṣe torí pé àbúrò mi ni. Àmọ́ tó bá ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ọwọ́ ẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́. Á yọ irorẹ́, á yọ àpá, á yọ ìlà abẹ́ ojú. Kó o tó ṣẹ́jú, ó ti yọ èèyàn kúrò lára èèyàn.

Ó jáde, ó rí Tíṣà, ó tẹrí ba.

"Ẹ má bínú, mà. Mo kàn fẹ́ kó dára ni."

"Ṣé mi ò dára tẹ́lẹ̀ ni?"

Yéè! Ojú ti àbúrò mi, kò mọ ibi tó máa fọwọ́ sí. Ó mú un wọnú yàrá ìyàwòrán, ó tún un yà. Mo ń gbọ́ wọn níta.

"Ẹ gbé àgbọ̀n sílẹ̀ díẹ̀. Ẹ wo lẹ́ǹsì, ẹ má wò mí."

"Kí ló dé tí mi ò fi gbọ́dọ̀ wò yín?"

"Tẹ́ ẹ bá ń wò mí, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n."

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo gbọ́ ẹ̀rín. Èyí tó tẹ̀ jáde lọ́jọ́ náà, kò tún ohunkóhun ṣe lára ẹ̀. Mo sọ lọ́kàn mi pé, ó tán, wọ́n ti mú ọmọkùnrin yìí.

Olùkọ́ ìṣirò ni Tíṣà, nílé ìwé tó wà lẹ́yìn títì wa. Bí wọ́n bá ti jáde, á yà sọ́dọ̀ wa. Àbúrò mi á máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé yà èèyàn, á ní ó sàn ju fíláàṣì tó ń gbáni lójú lọ.

"Tí mo bá ṣí ojú lẹ́ǹsì gbòòrò," ó ní lọ́jọ́ kan, "gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn ẹ á rí wúyẹ́wúyẹ́ bàìbàì. Ìwọ nìkan lá hàn kedere."

"Èmi nìkan?"

"Ìwọ nìkan, ìfẹ́ mi."

Mo wúkọ́. "Oníbàárà wà níta o! Kí ẹ̀yin méjèèjì ṣe wúyẹ́wúyẹ́ yín tó bá yá."

Kò pẹ́ tí wọ́n fi fẹ́ kí ìdílé méjèèjì rí ara wọn. Ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Bàbá Dírẹ́bà ni bàbá Tíṣà, ẹni tó fi gbogbo ayé ẹ̀ wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé. Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Àmọ́ àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Ó gbádùn, ó ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìhà òsì ojú ẹ̀ wó. Ìpéǹpéjú ẹ̀ wálẹ̀, igun ẹnu ẹ̀ fà sísàlẹ̀, ọwọ́ òsì sì rọ. Ìgbà tó kọ́kọ́ jáde, ọmọ kan tó máa ń fi bọ́ọ̀sì gbé rí i, ó ké, ó sá sẹ́yìn ìyá ẹ̀. Bàbá pa dà sílé. Látọjọ́ náà, inú yàrá ni Bàbá wà.

Tíṣà bẹ̀ wọ́n, ó bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n jáde gbà wá lálejò. Níkẹyìn ni Bàbá ní, "Ó dáa. Kí ọ̀rẹ́ ẹ wá yà mí bí mo ṣe rí. Ẹ gbé fọ́tò náà han ìyá ẹ̀. Tí wọ́n bá wò ó tí wọn ò mójú kúrò, màá jáde kí wọn."

Tíṣà sọ gbogbo rẹ̀ fún àbúrò mi, kò fi ẹyọ kan pa mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Àbí kí ni ìyá wa náà tún bi í nílé lálẹ́ ọjọ́ kan? "Àìsàn wo ló ṣe bàbá ẹ̀? Ṣé kì í ṣe èyí tó ń bá ìdílé rìn? Ojú wọn ńkọ́? Mi ò fẹ́ káwọn èèyàn wa máa sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wa o."

"Ó ti lọ, Màámi," àbúrò mi dáhùn wàrà. "Kò hàn mọ́ rárá."

Ó lọ ya Bàbá. Ó gbé fọ́tò dé ìdí kọ̀ǹpútà, ó tilẹ̀kùn mọ́rí. Ó gé ìhà ọ̀tún tó dára, ó yí i pa dà bí ìgbà téèyàn ń wo dígí, ó lẹ̀ ẹ́ bo ìhà tó wó. Ó wá fi búrọ́ọ̀ṣì kọ̀ǹpútà pa ojú ibi tí wọ́n ti pàdé rẹ́. Iṣẹ́ náà mọ́, mi ò ní purọ́. Ó dì í ní bébà, èmi ni mo gbé e lọ sílé wọn lọ́jọ́ ìpàdé, mò ń ṣe yànga lójú ọ̀nà.

Àbúrò Bàbá obìnrin, tí gbogbo wọn ń pè ní Àǹtí, ló gbà wá lálejò. Tíṣà ń rẹ́rìn-ín, ó ń wo ilẹ̀kùn yàrá bàbá ẹ̀. Wọ́n ní kí àbúrò mi tú fọ́tò. Ó tú u.

Ìyá wa pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí bí wọ́n ṣe gún régé! Ta ló máa mọ̀ pé wọ́n ṣàìsàn rí?"

Àǹtí sún mọ́ fọ́tò. Ó yọ jígí ojú ẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. "Ta nìyí?"

Ìyá wa ṣì ń pàtẹ́wọ́.

"Mo ní ta nìyí! Ẹ̀gbọ́n mi ní àmì dúdú kan ṣoṣo, lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Èyí ní méjì. Ṣé ìbejì tí a ò mọ̀ ni?"

Mo wo Tíṣà. Ẹ̀rín ti kúrò lójú ẹ̀ pátápátá.

Ilẹ̀kùn yàrá ṣí. Bàbá jáde, wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó hàn pé wọ́n ti múra kalẹ̀ kí wọ́n tó pè wọ́n. Wọ́n dúró síwájú fọ́tò. Gbogbo wa ń wo ojú méjèèjì. Ẹ gbà mí, ìyá wa mójú kúrò.

"Ẹ káàbọ̀," Bàbá ní. "Mo rí i pé ẹ ti rí ẹni tí ẹ fẹ́ rí." Wọ́n pa dà wọlé, wọ́n rọra ti ilẹ̀kùn.

Èmi tí mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan, ká ní mo rí abẹ́ àga wọ̀, mi ò bá wọ̀ ọ́.

"Wọ́n ní kó o ya àwọn bí àwọn ṣe rí," Tíṣà sọ fún àbúrò mi. Kò pariwo.

"Mo kàn fẹ́ kó..."

"Tó o bá sọ pé o fẹ́ kó dára, màá fi ariwo bọ ẹnu lójú ìyá ẹ." Omijé wá bọ́. "Mo fa bàbá mi dé ẹnu ọ̀nà. Ìwọ lo tì wọ́n pa dà." Ó gbé fọ́tò lé àbúrò mi lọ́wọ́. "Gbé èèyàn ẹ lọ."

A rìn dé ilé. Látọjọ́ náà, àbúrò mi kì í lè wo ojú èèyàn tààrà. Ó ń yà wọ́n ṣáá ni, tí wọ́n bá dúpẹ́, á yíjú. Tíṣà gba ọ̀nà míì lọ sílé ìwé. Oúnjẹ kò wọ àbúrò mi lẹ́nu mọ́, ó rù kan egungun.

Ó lọ bẹ̀bẹ̀, wọn ò ṣílẹ̀kùn. Ó tún lọ, Àǹtí sọ̀rọ̀ sí i lójú fèrèsé títí tó fi pa dà. Ìgbà tó yá ni Bàbá fúnra wọn ránṣẹ́: kí ó wá, kí ó gbé kámẹ́rà ẹ̀ dání, kí èmi àti ìyá wa tẹ̀ lé e.

Wọ́n ní kí àwa méjèèjì jókòó sí pálọ̀, wọ́n sì fi ilẹ̀kùn yàrá sílẹ̀ gbayawu. Tíṣà dúró ti ògiri, kò wo ibi tí a wà.

"Jókòó sórí àga yẹn," Bàbá sọ fún àbúrò mi. "Kọjú sí fèrèsé."

"Èmi, Bàbá?"

"Ìwọ. Gbé kámẹ́rà wá. Ibo ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́?"

Àbúrò mi fi hàn wọ́n. Ó ní kí wọ́n gbé e lé orí tábìlì kó má baà gbọ̀n, kí wọ́n mí síta kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ó fẹ́ bá wọn yí lẹ́ǹsì.

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," Bàbá ní. "Wàyí o, sọ fún mi. Nígbà tó ò ń tún ojú mi ṣe, kí ló wà lọ́kàn ẹ?"

"Mo fẹ́..." Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. "Irọ́ tí mo ti pa ni mo fẹ́ fẹsẹ̀ ẹ̀ múlẹ̀, Bàbá. Màámi bi mí bóyá àìsàn yín ń bá ìdílé rìn. Mo ní ojú yín ti dára. Nígbà tí mo wá rí yín nínú fọ́tò, ojú tì mí. Mo fẹ́ sọ pé kì í ṣe torí yín, àmọ́ torí yín ni. Mò ń bẹ̀rù pé wọn ò ní jẹ́ kí n fẹ́ ọmọ yín."

Kámẹ́rà dún: kẹ́.

Ní pálọ̀, mo yíjú wo ìyá wa. Ìyá wa ń wo ilẹ̀. Wọ́n ká etí aṣọ wọn, wọ́n tú u, wọ́n tún ká a.

"O nífẹ̀ẹ́ ọmọ mi?" Bàbá bi í.

"Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ̀ ju ẹ̀mí mi lọ, Bàbá. Ẹni tí mo nífẹ̀ẹ́ ni mo wá dójú tì." Ó bú sẹ́kún bí ọmọdé, ikun imú ń dà.

Kẹ́.

"Ó tó," Bàbá ní. "Tẹ èyí tó kẹ́yìn yẹn jáde, kó tóbi bíi ti ìjọsí. Má fọwọ́ kàn án. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ ni kó o gbé e kọ́ sí."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ò tíì rí fọ́tò! Ó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n gé orí ẹ̀ dànù níbi iwájú. Ojú kan là, ọ̀kan pa dé, imú ń dán. Àbúrò mi gbé e kọ́ sójú gíláàsì, níbi tí fọ́tò tó dára jù máa ń wà. Àwọn tó ń kọjá á dúró, wọ́n á rẹ́rìn-ín.

"Dúróbẹ́ẹ̀, ta ló yà ẹ́ báyìí? Ọ̀tá?"

"Bàbá kan tí mo ṣẹ̀ ni," á dáhùn. Kò yọ ọ́ kúrò. Oníbàárà kan tiẹ̀ wò ó, ó gbé ọmọ ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò míì. Inú bí mi, mo fẹ́ já a. Àbúrò mi di ọwọ́ mi mú.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá wa gbé oúnjẹ wá fún un. Bí wọ́n ṣe ń jókòó ni mo rí i pé gbogbo orí títì ń wo apá ibì kan. Bàbá Dírẹ́bà ni! Wọ́n ń fi ọ̀pá rìn bọ̀ lójú oòrùn, Tíṣà di apá wọn mú.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin rèé?" ẹnì kan kígbe látòdì kejì.

"Èmi ni. Sún mọ́ mi, kó o wò mí dáadáa."

Wọ́n dúró níwájú gíláàsì, wọ́n wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ẹ̀rín gbà wọ́n lójú, ẹ̀gbẹ́ kan ló ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbẹ́ kejì dúró. "Ó wọ́ o! Mo ní kí n wá fojú ara mi rí i."

Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó sórí àga ìyàwòrán. Àbúrò mi gbé kámẹ́rà. Tíṣà ló bi wọ́n pé, "Níbo lẹ fẹ́ kí iná wà, Bàbá?"

"Lápá òsì."

Òun fúnra ẹ̀ ló ti iná síbẹ̀. Ojú tó wó náà hàn kedere, gbogbo ẹ̀ pátá.

Ìgbà náà ni ìyá wa dìde. Wọ́n wọ́ àga kan, wọ́n gbé e sápá òsì Bàbá.

"Ẹ jọ̀wọ́," wọ́n ní, "ẹ jẹ́ kí n jókòó tì yín. Èmi ni mo bi í ní ìbéèrè ọjọ́ yẹn. Ojú ń tì mí, kò tíì ṣíwọ́. Ẹ jẹ́ kó hàn nínú fọ́tò."

Bàbá wò wọ́n. Wọ́n sún díẹ̀ kí àyè lè gbà wọ́n. "Ẹ jókòó, àna mi."

Àbúrò mi gbé kámẹ́rà sójú, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n rìrì, kò lè tẹ̀ ẹ́. Tíṣà rìn wá, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbé kámẹ́rà náà ró láti ìsàlẹ̀.

"Yà wọ́n, ọkọ mi," ó ní.