Òkun Kì Í Lọ Ṣọ́ọ̀ṣì

Orí omi ni mo ti kọ́kọ́ rí Siosaia. Ó dì mọ́ bọ́ọ̀lù yẹ́lò ńlá kan tó ń léfòó, bí ẹni tó fẹ́ gbé e níyàwó. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ó ní bọ́ọ̀lù náà ló ń bá òun wọn bí ìgbì ṣe ga tó àti bó ṣe ń pẹ́ tó kí òmíràn tó dé, pé òun á wọ̀n ọ́n fún ọdún kan gbáko, kí wọ́n tó mọ bí ògiri etíkun wa yóò ṣe ga tó. Mi ò ní purọ́, ọkàn mi fà sí i lọ́jọ́ náà gan-an.

Bàbá mi, Semisi apẹja, kò fẹ́ rí i sójú. Kì í dárúkọ rẹ̀, “ará Nukuʻalofa” ló ń pè é, torí ibẹ̀, olú ìlú Tonga wa, ló ti wá. Ó ní ẹni tó bá wá fún iṣẹ́ ọdún kan, ọdún kan náà ni ìfẹ́ rẹ̀ máa gbà. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ Siosaia. Bó bá gba fóònù, mo ti tẹ́tí. Bó bá rẹ́rìn-ín sí ọmọbìnrin kan ní èbúté, mo ti ń béèrè ẹni tó jẹ́.

Ní oṣù kẹsàn-án iṣẹ́ rẹ̀, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Ó pè mí síwájú kọ̀ǹpútà rẹ̀.

“Lupe, wò ó. Láràárọ̀, ìgbì á kàn rẹlẹ̀ fún wákàtí méjì. Mọ́ńdè títí dé Sátidé. Sọ́ńdè nìkan ló máa ń pé.”

Mo ní bóyá bí òkun ṣe rí nìyẹn.

“Òkun kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìfẹ́ mi. Èèyàn kan ló ń so ọkọ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù mi.”

Mo mọ̀ pé apẹja ni. Lọ́dọ̀ wa, kò sẹ́ni tó ń pẹja lọ́jọ́ Ìsinmi, òfin ni. Siosaia ní ọkọ̀ náà kì í jẹ́ kí bọ́ọ̀lù lọ sókè bó ṣe yẹ. Bí wọ́n bá tẹ̀lé ìwọ̀n irọ́ yìí, ògiri á kúrú, omi á fò ó. Ó wá wò mí, ó ní ṣé mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Èmi tí mò ń ṣọ́ ọ láti ọjọ́ yìí ló wá ń fura sí! Inú bí mi, mo bá tèmi lọ láì dágbére.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wa ọkọ̀ lọ síbi bọ́ọ̀lù náà. Bàbá mi ni mo bá. Okùn rẹ̀ yí bọ́ọ̀lù ká, kò tiẹ̀ ju ìwọ̀ sómi.

“Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe níbí?”

Kò wojú mi. “Ọjọ́ tí ìwọ̀n rẹ̀ bá pé ló máa di ẹrù rẹ̀, tí á fi ọ́ sílẹ̀. Mo sì ti rí bí o ṣe máa ń wò ó. Ni mo bá ní kó má pé.”

Omijé bọ́ lójú mi. Mo sọ fún un pé bí ògiri bá kúrú, ibojì ìyá mi ni omi máa kọ́kọ́ gbé. Ó wá tú okùn náà.

Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún Siosaia. Mo rò pé á bínú. Ó kàn bi mí pé ìgbà wo ni bàbá mi máa ń wà nílé.

Ní Sátidé, ó gbé gbòǹgbò kava tí à ń pò mu wá. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi, ó sọ fún bàbá mi pé òun máa bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n ọdún mìíràn, òun á sì dúró kọ́ ògiri náà. Lọ́dọ̀ wa, bàbá kì í jókòó síbi tí ọmọ rẹ̀ obìnrin bá ti ń bu kava fún ẹni tó ń fẹ́ ẹ. Bó bá jókòó, ó ti kọ̀ nìyẹn.

Bàbá mi jókòó. Ó bi í bóyá ọdún kan tó láti mọ ìgbì.

“Kò tó, Bàbá,” ni Siosaia wí.

Bàbá mi dìde, ó mú fìlà rẹ̀.

“Siosaia,” ló pè é, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, “mò ń lọ wo ọkọ̀ mi.”

Ó jáde. Mo bu ife àkọ́kọ́ fún Siosaia.