Ta Ló Ni Arúgbó?

"Kọ ọdún tó kọjá síbẹ̀," ni bàbá rẹ̀ wí. "Má kọ ọdún yìí."

Akọ̀wé gbé bírò kúrò lórí ìwé, ó wo bàbá rẹ̀ lójú. Kì í ṣe pé kò gbọ́. Ó kàn ń retí pé bóyá bàbá òun yóò rẹ́rìn-ín, kó ní àwàdà lòun ń ṣe. Bàbá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Inú ṣọ́ọ̀bù gbẹ́nàgbẹ́nà ni wọ́n wà, ilẹ̀kùn sì wà ní títì lójú ọ̀sán gangan, ohun tí kì í ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Àbúrò bàbá rẹ̀, tó ń ṣe dírẹ́bà ọkọ̀ akẹ́rù, jókòó sórí àga tí wọn kò tíì fi tìmùtìmù sí, ó ń tayín bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó. Láti ìgbà tí ìyá Akọ̀wé ti kú, ọmọ náà ló ń kọ ìwé owó fún àwọn oníbàárà bàbá rẹ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Ṣùgbọ́n ìwé tó ń kọ lọ́jọ́ yìí kì í ṣe ti àga tàbí ti ibùsùn. Ohun tó ń kọ ni pé bàbá òun ti ta Arúgbó fún dírẹ́bà. Irọ́ ni. Ẹnikẹ́ni kò ta nǹkan kan.

Arúgbó ni orúkọ tí wọ́n ń pe ẹ̀rọ ìfági ńlá tó wà láàárín ṣọ́ọ̀bù náà, tí bóòtù mẹ́rin dì mọ́ sìmẹ́ǹtì ilẹ̀. Ó dàgbà ju Akọ̀wé lọ, ó sì ní ìwà tirẹ̀ bíi gbogbo arúgbó. Bí èèyàn bá kàn tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, bẹ́líìtì rẹ̀ yóò já. Àfi kí èèyàn kọ́kọ́ fi ọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, bí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́, kó tó tan án. Bàbá Akọ̀wé mọ̀ ọ́n, Akọ̀wé náà mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹlòmíràn tí ọkùnrin náà ń jẹ́ kó fọwọ́ kàn án.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Opó kan wà ní òpópónà kejì tí wọ́n ń pè ní Ìyá Onípákó. Òun ló kó pákó fún bàbá Akọ̀wé láwìn nígbà tó gba iṣẹ́ àga àti tábìlì òtẹ́ẹ̀lì kan. Iṣẹ́ parí, oní-òtẹ́ẹ̀lì sì sanwó pé. Ṣùgbọ́n dípò kí bàbá Akọ̀wé mú owó pákó lọ fún ẹni tó ni ín, ó kó gbogbo rẹ̀ fún àwọn kan tó ní àwọn yóò sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Àwọn yẹn sọ ọ́ di òfo, wọ́n sì pa fóònù wọn. Ìyá Onípákó bẹ̀bẹ̀ títí, ó rán èèyàn títí, nígbẹ̀yìn ó gba kóòtù lọ. Nínú gbogbo ohun tí bàbá Akọ̀wé sì ní láyé, Arúgbó nìkan ló tó gbèsè náà san.

"Tó bá jẹ́ pé àbúrò mi ló ni ín láti ọdún tó kọjá," ni bàbá rẹ̀ ṣàlàyé, "kò sí ohun tí kóòtù máa bá lọ́wọ́ mi. Tí ariwo bá ti rọlẹ̀, á dá ìwé náà padà fún mi. Ọ̀rọ̀ inú ilé ni."

"Ọ̀rọ̀ inú ilé ni," ni dírẹ́bà náà wí.

"Bàámi, Ìyá Onípákó ńkọ́?"

"Ìyá Onípákó ní pákó rẹpẹtẹ. Èmi, Arúgbó kan ṣoṣo ni mo ní." Ohùn bàbá rẹ̀ rọ̀. "Tí wọ́n bá tú u lọ, kí la ó máa jẹ? Owó ìdánwò àṣejáde rẹ tí mo fẹ́ san lóṣù yìí ńkọ́? Ṣé o fẹ́ jókòó sílé ni?"

Ibẹ̀ ló ti mú un. Akọ̀wé mọ ilé Ìyá Onípákó bí ẹni mọ owó. Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọmọ obìnrin náà, ni wọ́n jọ ń jókòó ní kíláàsì, ìwé kẹ́mísírì kan ṣoṣo làwọn méjèèjì sì jọ ń kà. Ó fẹ́ràn Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó fẹ́ràn bàbá rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì fẹ́ràn ìdánwò rẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ó kọ ọdún tó kọjá síbẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ gún régé, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

"Wọ́n lè pè ọ́ ní kóòtù o," ni bàbá rẹ̀ fi kún un. "Ohun tí o máa sọ ni pé o wà níbẹ̀ nígbà tí bọ̀dá rẹ yìí ka owó lé mi lọ́wọ́."

Wọ́n pè é lóòótọ́. Adájọ́ náà jẹ́ obìnrin kan tó ń wo ìwé lábẹ́ awò ojú, ohùn rẹ̀ kì í sì í ga. Lọ́yà Ìyá Onípákó ti sọ fún un pé orí ìwé lásán ni wọ́n ti ta ẹ̀rọ náà, pé ńṣe ni wọ́n gbé e pamọ́ sábẹ́ orúkọ àbúrò kí ọwọ́ olówó má baà tó o. Dírẹ́bà ní òun sanwó, òun sì máa ń wá fi ẹ̀rọ òun fági fúnra òun lọ́jọ́ tí òun kò bá wakọ̀. Bàbá Akọ̀wé ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lẹ̀yin méjèèjì," ni adájọ́ wí. "Ta ni ẹlòmíràn tó rí owó náà?"

Akọ̀wé bọ́ síbi tí àwọn ẹlẹ́rìí ń dúró sí, ó búra. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ jókòó lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, nítorí ó dá a lójú pé ọ̀rẹ́ òun kò ní parọ́.

"Mo wà níbẹ̀, Olúwa mi," ni Akọ̀wé wí. "Bọ̀dá ka owó náà, bàbá mi sì gbà á."

Ẹ̀rín kúrò lójú Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Adájọ́ wo ẹlẹ́rìí náà pẹ́, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ó ní gbèsè ni gbèsè ń jẹ́, bàbá Akọ̀wé gbọ́dọ̀ san án, àmọ́ kò sí ẹ̀rí tí òun lè fi sọ pé tirẹ̀ ni Arúgbó. Ọwọ́ òfìfo ni wọ́n ní kó san gbèsè.

Níta kóòtù, bàbá rẹ̀ gbá a mọ́ra. "Ọmọ mi àtàtà," ni ó wí. Ara Akọ̀wé le bíi pákó lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ohun tí bàbá yìí kò rò, tàbí tó rò tó sì tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ni pé àwìn ni Ìyá Onípákó fúnra rẹ̀ gba pákó náà. Àwọn tó ń la gẹdú ló kó pákó fún un, wọ́n sì fẹ́ owó wọn. Nígbà tí kò rí i san, wọ́n wá kó gbogbo pákó tó kù ní ìsọ̀ rẹ̀. Kò gbé ẹyọ kan pamọ́ sábẹ́ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bá wọn ka pákó sínú ọkọ̀, kí wọ́n má baà ṣì í kà.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò wá sílé-ìwé mọ́. Ilé alágbàfọ̀ kan ló ti ń bá wọn lọ aṣọ, kí òun àti ìyá rẹ̀ lè rí oúnjẹ jẹ. Ìwé kẹ́mísírì kù sọ́wọ́ Akọ̀wé, òun nìkan ló ń ṣí i. Bàbá rẹ̀ san owó ìdánwò, ó sì ṣe ìdánwò náà, pẹ̀lú àga òfìfo kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ títí dé ọjọ́ ìkẹyìn. Ojú rẹ̀ kò fẹ́ wo ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ rárá.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìdánwò ni dírẹ́bà gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá síwájú ṣọ́ọ̀bù, òun àti àwọn alágbàṣe. Wọ́n wọlé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí tú Arúgbó kúrò lórí bóòtù.

"Kí lẹ̀ ń ṣe?" ni bàbá Akọ̀wé bi wọ́n. Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín.

"Mo fẹ́ gbé ẹ̀rọ mi lọ, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti rí gbẹ́nàgbẹ́nà kan tó fẹ́ máa yá a lò. Á máa sanwó fún mi lóṣooṣù."

"Ẹ̀rọ ta ni?"

"Tèmi ni. Ìwé wà lọ́wọ́ mi." Dírẹ́bà kò pariwo, kò tilẹ̀ yára sọ̀rọ̀. "Tó bá dùn yín, ẹ pè mí lẹ́jọ́. Àmọ́ kí lẹ fẹ́ wí níwájú adájọ́? Pé ẹ parọ́ fún un? Ọmọ yín pàápàá ti búra pé mo sanwó."

Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́. Bàbá Akọ̀wé tẹ̀ lé ọkọ̀ náà dé oríta, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń halẹ̀, kò mọ èyí tí ì bá ṣe. Nígbà tó padà dé, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bóòtù mẹ́rin tó kù lórí sìmẹ́ǹtì. "Ọmọ ìyá mi," ni ó ń tún sọ. "Ọmọ ìyá mi ló ṣe mí báyìí." Àánú rẹ̀ ṣe Akọ̀wé, ṣùgbọ́n ìbínú ló kọ́kọ́ dé.

"Bàámi, ẹ jẹ́ ká lọ sọ òótọ́."

"Kí wọ́n lè tì mí mọ́lé?"

"Ẹ̀rọ náà ti lọ ná."

"Níwọ̀n ìgbà tó bá wà lọ́wọ́ ọmọ ìyá mi, inú rẹ̀ lè rọ̀ lọ́jọ́ kan. Tí kóòtù bá gbé e, ó tán nìyẹn. O ò gbọdọ̀ lọ."

Akọ̀wé lọ. Ó bá Ìyá Onípákó nínú ìsọ̀ tó ti ṣófo, ó kúnlẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ti ara rẹ̀ pamọ́. Obìnrin náà kò bú u, kò sì dúpẹ́. Ó wọ bàtà rẹ̀. "Dìde, ká lọ bá lọ́yà," ni ó wí.

Bí wọ́n ṣe tún padà síwájú adájọ́ nìyẹn. Bàbá Akọ̀wé jókòó sẹ́yìn, ó káwọ́ gbera, kò fẹ́ gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Dírẹ́bà ní irọ́ ni ọmọ náà ń pa, ó ń bínú nítorí pé òun gbé ẹ̀rọ òun lọ. Adájọ́ yíjú sí Akọ̀wé.

"O búra níwájú mi lẹ́ẹ̀kan. O tún ti búra lónìí. Èwo ni kí n gbà gbọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà gún un dé ọkàn. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Òótọ́ ló ń sọ, ṣùgbọ́n ẹnu tó fi ń sọ ọ́ kò níyì mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló sì bà á jẹ́.

"Ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, Olúwa mi," ni ó wí. "Bọ̀dá ní àwọn ti ń fi ẹ̀rọ náà fági láti ọdún tó kọjá. Ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń tan án."

Adájọ́ bi í. Dírẹ́bà rẹ́rìn-ín ìyàngì. "Ṣé ìyẹn náà le ni? Èèyàn á tẹ bọ́tìnnì, á sì máa lọ."

"Á já bẹ́líìtì!" ni ohùn kan wí látẹ̀yìn. Bàbá Akọ̀wé ti dìde dúró, kò mọ̀ pé òun ti dìde. "Wàá kọ́kọ́ yí i sẹ́yìn! Ṣé o fẹ́ ba ẹ̀rọ mi jẹ́ ni?"

Adájọ́ gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ̀rọ ta ni, bàbá?" ni adájọ́ bi í.

Ó wo àbúrò rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ilẹ̀. "Tèmi ni, Olúwa mi."

Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní òfin kò ní kí èèyàn má ta ohun ìní rẹ̀. "Ṣùgbọ́n bí onígbèsè bá tà á, tàbí tó fi tọrẹ, kí olówó má baà rí nǹkan gbà, títà yẹn kò dúró. Ọwọ́ ẹni yòówù kó gbé e pamọ́ sí, kóòtù á fà á padà wá." Ó pàṣẹ kí wọ́n ta Arúgbó ní gbàǹjo, kí wọ́n sì san owó Ìyá Onípákó. Irọ́ tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò fi ìbúra pa di ẹjọ́ mìíràn lọ́rùn wọn, owó ìtanràn rẹ̀ ló sì gbé ọkọ̀ akẹ́rù dírẹ́bà lọ. Nítorí pé Akọ̀wé fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, wọ́n fi ìkìlọ̀ líle dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kóòtù pé ó ti jẹ́rìí èké rí.

Gbẹ́nàgbẹ́nà kan ládùúgbò kejì ló ra Arúgbó. Nígbà tí bẹ́líìtì já mọ́ ọn lọ́wọ́ títí tó sú u, ó wá gba bàbá Akọ̀wé síṣẹ́, kó máa bá a tan án. Àràárọ̀ ni ọ̀gá àná ń lọ yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ tó jẹ́ tirẹ̀ rí sẹ́yìn, fún owó oṣù. Tí Akọ̀wé bá kí i, á dáhùn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ tí èsì ìdánwò jáde, Akọ̀wé yege. Kò rí ẹni yọ̀ fún. Ó mú ìwé kẹ́mísírì, ó lọ sílé alágbàfọ̀. Ooru áyọ́ọ̀nù kún inú yàrá náà. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan, kò gbójú sókè.

"Wọ́n ti san owó màmá mi," ni ó wí. "Màmá ní ìwọ lo wá sọ òótọ́. O ṣeun."

"Mo mú ìwé wa wá. O lè ṣe ìdánwò náà lọ́dún tó ń bọ̀."

"Màá ṣe é." Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ká ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó fọwọ́ tẹ́ ọrùn rẹ̀ dáadáa, ó gbé e sórí èyí tó ti ká tẹ́lẹ̀. Ìgbà náà ló tó wò ó lójú. "Ṣùgbọ́n ọdún tèmi tó lọ yìí, Akọ̀wé, abẹ́ orúkọ ta lẹ gbé e pamọ́ sí?"

Ẹni tó bá jẹ gbèsè, kó kojú olówó rẹ̀, kó bẹ̀bẹ̀, kó máa san díẹ̀díẹ̀. Ìtìjú rẹ̀ kò ní pa á. Ẹni tó bá gbé ohun ìní rẹ̀ pamọ́ fún olówó, àti ẹni tó bá a parọ́ sí i, kí wọ́n mọ̀ pé òfin lè fa ohun tí wọ́n gbé pamọ́ padà, ṣùgbọ́n ohun tó bàjẹ́ nígbà tó wà ní ìpamọ́, kò sí adájọ́ tó lè fà á padà.

Akọ̀wé gbé ìwé náà sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn aṣọ, ó sì jáde.