Irun Alẹ́ Ọjọ́ Àìkú

Ìgbà ogun Iraq ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, wọ́n bá ọkọ̀ Túndùn ní ibùdókọ̀ ojú irin Greenbelt, nílùú Òyìnbó. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan wà nílẹ̀. Túndùn kò sí níbẹ̀.

Mọ́dẹ́ẹ̀lì ni. Àwòrán rẹ̀ ló wà níwájú kàlẹ́ńdà tí Olúfọlákẹ́, ọ̀gá rẹ̀, ń tà fún àwọn sójà. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá yìí ni Akínwùmí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kọ́kọ́ lọ.

"Àwọn tó kórìíra ogun ló jí i gbé," ni Olúfọlákẹ́ wí. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ rí i kẹ́yìn, mà?"

"Ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ náà la ya fọ́tò tí mo fún àwọn oníròyìn."

Tẹlifóònù rẹ̀ kò yé dún. Àwọn tó ń béèrè kàlẹ́ńdà ni.

Ní ọjọ́rú, Akínwùmí lọ sí Hillcrest Heights, sọ́dọ̀ ìyá Túndùn. Ìwé ìròyìn wà lórí itan obìnrin náà.

"Déolú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè mí láti ojú ogun lọ́jọ́ Ajé. Ó ti rí ìròyìn náà lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó láwọn ọ̀gá òun ti gbà, òun ń bọ̀ wá wá àbúrò òun. Mo ní kó dúró, ọ̀nà ibẹ̀ kò dára. Kò gbọ́." Ó fọwọ́ kan fọ́tò Túndùn tó wà nínú ìwé ìròyìn náà. "Ẹ wo ṣùkú tí mo dì fún un."

"Ìgbà wo lẹ dì í, mà?"

"Alẹ́ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé."

Akínwùmí ká ìwé ìròyìn náà. Bó ṣe ń jáde, ó pàdé sójà méjì lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n mú fìlà wọn dání. Ó gbọ́ ohun tí wọ́n wá sọ. Ó gbọ́ igbe ìyá náà pẹ̀lú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Akínwùmí àti ọlọ́pàá kan lọ sí ilé Olúfọlákẹ́, láàárín igbó ní Accokeek.

"Ẹ pe Túndùn jáde, mà."

"Túndùn wo? Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀fẹ̀ lẹ bá wá?"

"Ẹ ní ẹ kò rí i mọ́ láti ọjọ́ Ẹtì. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni ìyá rẹ̀ di irun tó wà nínú fọ́tò tí ẹ fún àwọn oníròyìn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ti sọnù. Ẹni tó fi í pamọ́ nìkan ló lè ya fọ́tò yìí."

Olúfọlákẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ọ̀la la fẹ́ sọ pé a ti rí i. Ta ló kú?"

Ilẹ̀kùn yàrá kan ṣí. Túndùn jáde, àwo Indomie wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà. Àǹtí ní àwọn ti sọ fún mọ́mì pé eré ni."

"Wọn kò sọ," ni Akínwùmí wí. "Déolú ń bọ̀ wá wá ọ. Bọ́ǹbù bá ọkọ̀ wọn lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú, ó sì kú."

Àwo bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà.

Akínwùmí fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Olúfọlákẹ́ lọ́wọ́, ó fà á lé ọlọ́pàá tó tẹ̀ lé e lọ́wọ́. Tẹlifóònù ṣì ń dún nínú báàgì obìnrin náà.

Túndùn jókòó ti Akínwùmí nínú ọkọ̀. Ó gbé ọwọ́ sórí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú irun. Kí wọ́n tó dé Hillcrest Heights, ṣùkú náà ti tú tán.